Ẹni Tó Fẹsẹ̀ Falẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù Agékọ́kọ́rọ́ kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Bí oníbàárà kan bá wọlé, ó ní láti fa ikùn mọ́ra. Bí méjì bá wọlé, àfi kí wọ́n jẹ́ ojúlùmọ̀. Kò ní fèrèsé. Lára ògiri ọ̀tún ni àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì gé eyín fún so rọ̀ sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri òsì ni ẹ̀rọ tó fi ń gé wọn wà, igbe rẹ̀ sì máa ń dun èèyàn léyín. Ojoojúmọ́ ni eruku idẹ ń bà lé ọkùnrin náà lórí, débi pé bó bá jáde sójú oòrùn nírọ̀lẹ́, irun rẹ̀ á máa tàn yanran, àwọn aládùúgbò á sì bi í pé adé wo ló dé. Òun náà á ní, "Adé òtòṣì ni. Ẹ bá mi gbọn ọ́n dànù."

Ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò ni kò mọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ tó gé kò sí lápò rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ọtí mú sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ó mọ ẹni tó wá gé ẹlẹ́ẹ̀kejì tí kò fẹ́ kí ìyàwó ilé gbọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. "Àgádágodo ni ẹnu mi," ni ó máa ń wí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àgádágodo yìí ṣí, ohun tó tibẹ̀ jáde ló sì lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Aránbàtà ni ẹ̀gbọ́n yìí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ gìrìpá: aránbàtà níwájú, agékọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn, kí oníbàárà lè fi bàtà sílẹ̀ kó sì gba kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó wá gba bàtà rẹ̀ yí àtẹ́lẹ̀ bàtà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò dá a lójú. Ó bá nà án sí Agékọ́kọ́rọ́. "Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó. Ṣé á pẹ́?"

Agékọ́kọ́rọ́ kò gbójú sókè nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ jókòó, á pẹ́ gan-an."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín dé ìta, ó sì ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Aránbàtà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kó òòlù, ó kó abẹ́rẹ́, ó kó òwú àti agolo gọ́ọ̀mù, ó gba ṣọ́ọ̀bù míì ní òpópónà kejì, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀: "Láti òní lọ, má bá mi sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n lẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Ẹni tó ní kí àbúrò òun má bá òun sọ̀rọ̀ kò ní kó má kí òun. Bí àbúrò kò bá kí i, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Torí náà, Agékọ́kọ́rọ́ ń kí i, òun náà ń dáhùn, ọ̀rọ̀ àárín wọn kò sì kọjá bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Inú igbó ni wọ́n ti ń kí ara wọn.

Ẹ̀yìn ìlú ni igbó náà wà, níbi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń yí padà. Ìjọba ti fi ọgbà yí i ká, wọ́n sì fi aṣọ́gbà kan sẹ́nu géètì. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ló yí inú rẹ̀ po: ó bẹ̀rẹ̀ ní géètì, ó gba abẹ́ àwọn igi ńláńlá, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá odò kékeré kan, ó gba orí afárá pákó sọdá, ó tún gun òkè padà wá sí géètì. Àwọn ará ìlú ń wá síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn kan ń sáré, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń lé wọn. Àwọn kan mú ajá wá kó lè najú, ajá náà ló sì ń fà wọ́n lọ síbi tó bá wù ú. Àwọn tó ń fẹ́ra wọn ń wá igi tó nípọn dáadáa, kì í sì í ṣe torí ìdáná. Kò sí ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Èèyàn á kàn wọlé, á rìn, á jáde níbi tó gbà wọlé, á sì délé ròyìn pé òun gbádùn.

Baba àwọn méjèèjì, àgbẹ̀ pọ́ńbélé, bá wọn rìn ín lẹ́ẹ̀kan kó tó kú. Nígbà tí wọ́n padà dé géètì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "A wọ igbó," ni ó wí, "a ò ṣẹ́gi, a ò pẹran, a ò já ewé. Kí la wá ṣe?"

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni.

Ó ní, "Ṣé èyí tó wà níta ti tán ni?"

Àmọ́ ẹni tó bá ti lo odindi ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé kì í bi afẹ́fẹ́ léèrè ohun tó wúlò fún. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ máa ń lọ nígbà tí nǹkan ṣì dán mọ́rán láàárín wọn. Nígbà tí ìjà dé, oníkálukú ń retí pé ẹnì kejì á fi igbó sílẹ̀. Wọ́n ní Aránbàtà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Èmi kí n fi igbó sílẹ̀ fún un? Ṣé bàbá ẹ̀ ló gbìn ín ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá ta ni?"

Ó ní kó fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe pín igbó láìsí onílàjà nìyẹn. Bí aṣọ́gbà bá ti ṣí géètì, Aránbàtà á yà sọ́tùn-ún, Agékọ́kọ́rọ́ á yà sósì. Nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń rìn, ìṣísẹ̀ wọn bára mu bíi kọ́kọ́rọ́ méjì tí ẹ̀rọ kan gé. Orí afárá gan-an ni wọ́n ti ń pàdé, kì í yẹ̀. Afárá náà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnì kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò á dúró sétí odò, ẹ̀gbọ́n á kọjá, kò sì ní kánjú. Á tilẹ̀ dúró láàárín, á yẹ bàtà ara rẹ̀ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Hẹn."

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́, Agékọ́kọ́rọ́ dé ibi afárá, kò bá ẹnì kankan. Ó dúró. Ó wo odò. Ó rò ó pé bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Ó sọdá, ó ń gun òkè lọ, ó sì bá a nídìí igi kan tó ti wó lulẹ̀, tó ń bọ̀ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́. Ó kí i. Ẹ̀gbọ́n ní "Hẹn," àmọ́ èémí tó wà nínú "Hẹn" náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti kọjá igi tó wó kó tó rí i. Nígbà tó tún yá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun òkè náà tán. Ọ̀nà wá di òṣùwọ̀n: bí ibi ìpàdé wọn ṣe ń sún mọ́ géètì, bẹ́ẹ̀ ni Aránbàtà ń sún mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dárúkọ.

Ohun tó dun Agékọ́kọ́rọ́ jù ni ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó bá ti rí àbúrò rẹ̀ lókèèrè, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí afárá wà, bí ẹni tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. Á wá lejú koko. Àgbàlagbà tó ti ń fi ẹsẹ̀ ẹlòmíì jẹun láti ìgbà èwe, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló wá ń dójú tì í, ó sì wá jẹ́ níṣojú ẹni tí kò fẹ́ kó rí i.

Bó ṣe di pé Agékọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ falẹ̀ nìyẹn. Kò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, ohun tí àbúrò tó mọ ọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n ń ṣe ni: bí ẹ̀gbọ́n kò bá lè tètè dé afárá, kí àbúrò má tètè dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá. Kí ni èèyàn fẹ́ máa ṣe nínú igbó tí kò ní tètè tán? Ó kọ́kọ́ ń so okùn bàtà. Okùn bàtà kì í pẹ́ẹ́ so. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí wo igi. Ọdún gbọọrọ ló ti ń gba abẹ́ àwọn igi yìí kọjá bí ẹni tó ń la àárín èrò lọ, kò wojú ọ̀kankan nínú wọn rí. Ó wá rí i pé èèpo ọ̀kan ń ṣí bí ọ̀dà ara ògiri tó ti gbó. Ihò wà lára òmíràn, ẹyẹ olórí pupa kan ló ń gbébẹ̀, a máa bínú sí gbogbo ẹni tó bá wò ó. Ó rí i pé oòrùn kì í wọ inú igbó lẹ́ẹ̀kan náà: orí ewé òkè ló kọ́kọ́ ń bà sí, á wá máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi òrùlé. Ó dúró wo àwọn èèrà tó ń gbé òkú ìdin lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn ń fà á síbi tí àwọn yòókù kò lọ, ó sì jọ ẹnì kan tó mọ̀, torí náà kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé e wọlé. Imú rẹ̀, tí kò ti gbọ́ òórùn kankan ju ti idẹ lọ láti ìgbà pípẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ òórùn ilẹ̀ tútù.

Ká sòótọ́, ó gbádùn rẹ̀. Ibi tó burú sí gan-an nìyẹn. Bí èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń kúrú ni igbó ń dùn mọ́ ọn sí i. Nílé, òun ló ń ròyìn fún ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ aṣọ.

"Ẹyẹ náà pupa lórí," ni ó wí.

"Ṣé ó fẹ́ gé kọ́kọ́rọ́ ni?"

"Rárá o."

"Kí ló wá kàn yín nínú orí ẹ̀?"

Orí afárá ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì tún ti ń pàdé báyìí. Agékọ́kọ́rọ́ á fara pamọ́ sẹ́yìn igi kan nítòsí odò, á máa yọjú. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti fẹsẹ̀ kan pákó, á jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, á tilẹ̀ máa mí hẹlẹ díẹ̀ kó lè jọ òótọ́. "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n mi." "Hẹn." Ojú Aránbàtà ti tún ń dán. Ó ti tún ń dúró láàárín afárá yẹ bàtà wò. Àmọ́ ó ń pẹ́ níbẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ọwọ́ rẹ̀ kan kì í sì í kúrò lára igi ìdìmú.

Báyìí ni nǹkan wà tí ìyàwó Aránbàtà fi wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ilé ìdáná iléèwé àwọn ọmọdé ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà ìjà, kò wọ ibẹ̀ rí. Agékọ́kọ́rọ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìyàwó wa! Ẹ kú àtijọ́. Ṣé kì í ṣe pé ẹ sọ kọ́kọ́rọ́ nù?"

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́. Ọkọ ni mo fẹ́ẹ́ sọ nù."

Ó jókòó sórí àpótí, ó sì tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìdánu dúró. Ọkọ òun kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́, orí àga ló ń jókòó sùn, torí bó bá dùbúlẹ̀ kò ní rí èémí mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Ó ti fi ọ̀bẹ la bàtà ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rán awọ míì mọ́ ọn kó lè gba ẹsẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ lóde báyìí nìyẹn. Dókítà àdúgbò ti gbé ẹ̀rọ sí i láyà, ó fetí sí i, ó ní ọkàn ni, kó máa lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀.

"Ó lọ?"

"Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

"Kí ló wí?"

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ̀yin ló fi ṣẹlẹ́rìí. Ó ní, ‘Gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń pàdé oníjàngbọ̀n yẹn lórí afárá. Àbúrò mi ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ dá ṣáṣá. Tí ara mi ò bá yá, ṣé màá bá a dé àárín igbó lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ sọ fún dókítà kó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ sáyà ara ẹ̀.’ Tí mo bá bẹ̀ ẹ́, afárá ni. Tí mo bá sunkún, afárá ni. Ọkọ mi kékeré, ẹ dákun, irú afárá wo nìyẹn?"

Agékọ́kọ́rọ́ nawọ́ sára ògiri. Ó mú kọ́kọ́rọ́ kan tí kò tíì gé, ó ń fi àtàǹpàkò pa á bí ẹni tó ń wá eyín rẹ̀.

"Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

"Ìyàwó wa, ‘ẹ kú ìrìn’ nìkan ni mo láṣẹ láti sọ."

"Ẹ fi díẹ̀ kún un."

Nírọ̀lẹ́, kò lè jẹun. Ìyàwó tirẹ̀ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Mò ń pa ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyàwó náà gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Kí lẹ fi ń pa á?"

"Ọ̀wọ̀."

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, kò wo igi, kò wo ẹyẹ. Ó rìn bí Ọlọ́run ṣe dá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sọdá afárá, ó kọjá igi tó wó, ó gun òkè, gbogbo kọ́nà tó bá yí tí kò rí ẹnì kankan ni àyà rẹ̀ ń já. Orí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọlọ́mọ máa ń jókòó sí ló ti rí i. Kò jìnnà sí géètì rárá. Bí aṣọ́gbà bá wúkọ́, wọ́n á gbọ́ ọ níbẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n mi."

Aránbàtà kò ní "Hẹn." Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló ń lé ẹ?"

Ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọjọ́ ìjà nìyẹn. Agékọ́kọ́rọ́ ì bá dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, bí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ burúkú ni òun náà gbé wá.

"Ẹnì kankan ò lé mi. Bí mo ṣe ń rìn láti ilẹ̀ nìyí."

"Irọ́ ni. Orí afárá ni mo ti pàdé ẹ ní Sọ́ńdè tó kọjá."

"Mò ń fẹsẹ̀ falẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn igi ni mo máa ń sá sí títí ẹ máa fi dé."

Àwọn ọmọdé méjì gun kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n ń pariwo. Aránbàtà jẹ́ kí wọ́n lọ tán.

"Ò ń fẹsẹ̀ falẹ̀. Fún èmi."

"Ara yín ò yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́nu—"

"Èmi tí mo kọ́ ẹ ní ìrìn! Èmi tí mo máa ń gbé ẹ léjìká sọdá odò torí pé ò ń sá fún ọ̀pọ̀lọ́!"

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

"O ṣì ń sá fún ọ̀pọ̀lọ́!"

Òótọ́ ni.

Aránbàtà fi ọwọ́ méjèèjì ti bẹ́ǹṣì kó lè dìde. Ó padà jókòó. Ó tún gbìyànjú, ó dìde. "Ó dáa. Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, máa rìn bí o ṣe ń rìn. Má wo igi kankan. Orí afárá ni màá ti dúró dè ẹ́. Tí o bá bá mi níbẹ̀, kí ìwọ àti ìyàwó mi àti dókítà yẹn panu mọ́."

"Tí mi ò bá wá bá yín níbẹ̀ ńkọ́?"

"Màá lọ sí ọsibítù."

Ẹ wo irú ìdájọ́ yìí. Bí Agékọ́kọ́rọ́ bá borí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ ẹni tó borí, ọkàn tí dókítà ní ó ń ṣàìsàn yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sáré ìje. Ó ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má jẹ́ kó jáde rárá. Obìnrin náà kó gbogbo bàtà ọkọ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ ta ní ń fi bàtà pamọ́ fún aránbàtà? Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin náà wọ súlípá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yan bàtà gìrìwò kan tí ẹni tó ni ín kò wá gbé láti ọjọ́ pípẹ́, ó gba ẹsẹ̀ wíwú náà dáadáa, ó sì bá bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí Agékọ́kọ́rọ́ dé géètì, aṣọ́gbà na ọwọ́ sínú igbó. "Ẹ̀gbọ́n yín ti wọlé. Mi ò tíì ṣí géètì tán tó fi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó ní iṣẹ́ ń kán òun lójú. Mo ní, nínú igbó?"

Ó dúró níbẹ̀. Bó bá yà sọ́tùn-ún, á lé e bá, á sì lè dì í mú bó bá fẹ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n kí àbúrò máa tọ ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣọ́ olè, tàbí kó tilẹ̀ yọ ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ta ló máa gbọ́ ọ? Bó bá yà sósì, àdéhùn ni, àmọ́ bí nǹkan bá ṣe ọkùnrin náà lápá ọ̀tún, òun á wà ní òdìkejì igbó, á máa bọ̀wọ̀ fún un láti ọ̀nà jíjìn. Bí a bá rí ọjọ́ kan tó yẹ kó yà sọ́tùn-ún, ọjọ́ náà ni. Orí rẹ̀ ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sósì.

Ó sáré. Ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó wọ aṣọ ìmúròde, ń ta pọ́ún pọ́ún láàárín àwọn tó wọ aṣọ eré ìdárayá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn yìn ín bó ṣe ń kọjá: "Bàbá, ẹ káre! Ẹ má dúró o!" Kò ní èémí tó máa fi ṣàlàyé fún un.

Nígbà tó yọ sí odò, Aránbàtà wà lórí afárá. Àárín rẹ̀ gan-an ló dúró sí, ọwọ́ méjèèjì lórí igi ìdìmú, bàtà oníbàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí eérú. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí mi?"

"Mo rí yín, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé o bá mi níbí?"

"Mo bá yín."

"Ó parí nìyẹn. Máa kọjá lọ."

Ṣùgbọ́n kò kúrò lójú ọ̀nà. Agékọ́kọ́rọ́ dúró sétí odò bí àbúrò tó mọ ipò rẹ̀, ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọdá. Ẹ̀gbọ́n kò sọdá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé kì í ṣe pé kò fẹ́: kò lè fi igi náà sílẹ̀ ni. Ìka kan tó gbìyànjú àtitú, orúnkún rẹ̀ yẹ̀.

Agékọ́kọ́rọ́ gun orí afárá.

"Má wá síbí," ni Aránbàtà wí. "Ẹnì kan ló ń gbà."

"Ó ti gba méjì báyìí." Ó fi ọwọ́ gbá a mú lábẹ́ abíyá, àwọn méjèèjì sì jọ rọra jókòó sórí pákó.

Ibẹ̀ ni àárín igbó. Ọ̀tún jìn, òsì jìn, ọ̀nà kan kò sì yá ju èkejì lọ. Ọkọ̀ kankan kò lè débẹ̀. Ohun tí àwọn ará ìlú sì fẹ́ràn níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó yọ fóònù jáde. Igi tó ti ń yìn fún ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ yìí ti dí i, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó gbé fóònù náà sókè, ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì.

"Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín."

"Pọn ta ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ láìka ìyẹn sí, ó fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó gbé e. Omi àìsàn tó wà lára ọkùnrin náà mú kó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì tí òjò pa. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì tí àwọn méjèèjì fi fẹ́ẹ́ ṣubú sódò. Ó gbé e kalẹ̀ padà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan bá wọn níbẹ̀, kò bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀, ó yí padà, ó sáré gba géètì lọ láti pe ọkọ̀ ọsibítù. Òun nìkan ni eré rẹ̀ ní ibi tó ń lọ nínú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n kàn jókòó. Àwọn tó ń najú ń dé láti ìhà méjèèjì, afárá sì ti dí. Tọkọtaya kan tó mú ajá dání dúró, wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́ o. Obìnrin kan fún wọn lómi nínú ike. Bàbá kan ní bó bá jẹ́ lọ́jọ́ òun, wọn ì bá ti kọ́ afárá tó fẹ̀; wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olúkúlùkù wò wọ́n, olúkúlùkù rí i pé kò sí ohun tí òun lè ṣe, wọ́n sì yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọra tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń jáde ní yàrá ẹni tó ń sùn.

"O bá mi níbí, àbí o ò bá mi?" Ohùn Aránbàtà ti tín-ín-rín.

"Mo bá yín."

"Wàá sọ fún wọn."

"Màá sọ fún wọn."

Ó mí. Ó tún wá èémí mìíràn kiri kó tó rí i. "Ọsibítù ọ̀hún, ṣé ó jìnnà?"

"Kò jìnnà."

"Ó dáa. Dìde, jẹ́ ká máa lọ."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti fi ẹkún bẹ̀ ẹ́ fún, tí Agékọ́kọ́rọ́ ti sáré títí àyà rẹ̀ fi fẹ́ẹ́ bẹ́ nítorí rẹ̀, òun ló bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ yìí, ní ibi kan ṣoṣo ní gbogbo ìlú tí ẹsẹ̀ nìkan ti lè gbé èèyàn jáde. Ọkùnrin náà tilẹ̀ na ọwọ́ kan kí wọ́n fà á dìde. Agékọ́kọ́rọ́ gbá ọwọ́ náà mú. Kò fà á. Ó kàn dì í mú.

"Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní mo ti gbà."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣé."

Aránbàtà fi orí tì í léjìká. Odò ń ṣàn lábẹ́ wọn. Ajá kan gbó lẹ́ẹ̀kan lókèèrè, ó sì dákẹ́.

"Ṣé wọ́n ń bọ̀?"

Agékọ́kọ́rọ́ wo òkè ọ̀nà ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó tẹ́tí sílẹ̀ títí.

"Wọ́n ń bọ̀," ni ó wí. Kò tíì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnì kankan.